Sìdíkàt àti Ẹni Tó Pe Òkú Ọkọ Rẹ̀ ní Òpùrọ́

Ẹni tó bá mọ Sìdíkàt Gbàdàmọ́sí kí ọkọ rẹ̀ tó kú yóò sọ fún yín pé kì í ṣe oníjà. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà ní Addo Road, nítòsí Àjáh, àwọn aránṣọ tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè. Bí oníbàárà bá yájú sí i, á rẹ́rìn-ín, á yíjú síbòmíì. Ràṣídì ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí olè bá wọlé lóru, Sìdíkàt á ní kó rọra, kó má baà kọsẹ̀.

Ràṣídì fúnra rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wakọ̀ fún ìdílé kan ní ẹ́síteètì VGC. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì ló fiṣẹ́ sílẹ̀, ó wá ń jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá a to òwú ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, nítorí kì í fi bò. Bí wọ́n bá gbé mínírà fún un níbi ìsọmọlórúkọ, á ní, "Ẹ gbé e fún ẹlòmíì o, ṣúgà tó wà lára mi ti tó mi."

Ràhmát, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Lẹ́kkí Phase 1, ló kọ́kọ́ ní kí àwọn òbí òun lọ gba adójútòfò ìlera. Ó ní ọjọ́ ogbó kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó gbé àìsàn wá, ó sì yẹ kí wọ́n ní ohun tí yóò dúró tì wọ́n tí wọ́n bá dé ọsibítù. Wọ́n ń rò ó lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúró dé.

Dúró mọ̀rọ̀ sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn lórí irú ètò ìlera tó bá wọn mu, kó sì bá wọn forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì tó ń bá ṣiṣẹ́. Ó wá sí àsàlátù àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí Mùsùlùmí, ó ń pe gbogbo wọn ní Màmá mi, kí wọ́n sì tó túká, ó ti gba nọ́ńbà fóònù ìdajì wọn. Lọ́jọ́ kejì ló dé ilé Sìdíkàt.

Nígbà tó bi Ràṣídì bóyá àìsàn kankan wà lára rẹ̀, Ràṣídì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà wà, ó ti pẹ́. Dúró gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, tí a bá kọ ìyẹn síbẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró odindi ọdún kan kí wọ́n tó lè tọ́jú yín nítorí ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ lè má gbà yín rárá. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe irọ́ la fẹ́ pa yẹn, ọmọ mi?"

"Irọ́ kọ́, Bàbá. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa wádìí."

Ràṣídì wo ìyàwó rẹ̀. Sìdíkàt wo Dúró, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó mi orí sí ọkọ rẹ̀ pé kó gbà. Ràṣídì sọ fún Dúró pé, "Ìwọ lo kúkú mọ̀ ọ́n," ó sì fọwọ́ sí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàtà tuntun kan bó Ràṣídì lẹ́sẹ̀. Egbò kékeré ni, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò jiná. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà wú, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan lẹ́bàá ọ̀nà Lẹ́kkí, ọ̀kan lára àwọn tí Dúró ní wọ́n lè lọ. Nọ́ọ̀sì yẹ́ wọn sí, ó gbé àga fún Sìdíkàt, títí tí wọ́n fi pe kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì ní ìtọ̀ ṣúgà ló fa egbò náà, ó sì ti wà lára Bàbá tipẹ́, wọ́n fi pamọ́ ni. Àwọn ò ní í dá sí i. Kí Ràhmát tó rí ọsibítù mìíràn tó gba bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń rà. Wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n oró rẹ̀ ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ààwẹ̀ Ràmàdáànì bẹ̀rẹ̀ ni Ràṣídì jáde láyé.

Títí dìgbà yẹn, ẹkún ni Sìdíkàt ń sun, kò bínú. Ó ní kádàrá ni. Òun náà kúkú ló mi orí. Ohun tó yí i padà ṣẹlẹ̀ níbi fídáù, nígbà tí wọ́n ṣàdúà tán tí wọ́n ń pín oúnjẹ. Dúró wá kí wọn. Ràhmát kò lè mú un mọ́ra, ó dìde níwájú gbogbo èèyàn.

"Bọ̀dá Dúró, kí ló dé tẹ́ ẹ ní kí bàbá mi fi àìsàn wọn pamọ́?"

Dúró wò yíká. Gbogbo obìnrin àsàlátù tó ń bá ṣòwò ló jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Àǹtí Ràhmát, kí Ọlọ́run forí ji Bàbá. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ara àwọn le. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ sọ òótọ́ nípa ara wọn. Ká ní wọ́n sọ òótọ́ fún mi ni, bóyá wọ́n ṣì máa wà láàyè."

Sìdíkàt wà lórí ẹní. Omijé tó wà lójú rẹ̀ gbẹ bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ nù ún. Kò sọ ju "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá" lọ, Ràhmát sì rò pé ìyá òun ò gbọ́. Nígbà tí àlejò tán nílé ló tó mọ̀ pé ó gbọ́.

"Ó pe bàbá rẹ ní òpùrọ́ níwájú àwọn tó wá ṣàdúà fún un," ni Sìdíkàt wí. "Yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ náà padà, níwájú èèyàn. Mi ò ní í kú kí n tó rí i."

"Màmi, ẹ jẹ́ ká fi fún Ọlọ́hun."

"Mo ti fi ikú bàbá rẹ fún Ọlọ́hun. Èyí tó kù, tèmi ni."

Nígbà tó jáde opó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ Dúró. Kò ṣòro. Ọkùnrin náà a máa fi ibi tó ń lọ sọ̀rọ̀ hàn lórí fóònù, àwòrán rẹ̀ á wà níbẹ̀ tòun ti ẹ̀rín. Lọ́jọ́ tó fẹ́ bá àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan sọ̀rọ̀ ní Lẹ́kkí, Sìdíkàt ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wọ híjáàbù dúdú, ó jókòó síwájú pátápátá láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù. Dúró rí i, ṣùgbọ́n ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tó ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, Sìdíkàt dìde.

"Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣé kó sọ ọ́ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, àbí kó fi pamọ́?"

"Kó sọ ọ́, Màmá," ni Dúró wí.

"Tó bá sọ ọ́ fún ẹ, tí o ní kó má kọ ọ́ ń kọ́? Ràṣídì Gbàdàmọ́sí lorúkọ ọkọ mi. Ó sọ ọ́ fún ẹ."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbéra sọlẹ̀, kò ṣépè. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Dúró ṣàlàyé títí, ó ní ìbànújẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà ti ń wo ara wọn lójú. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀.

Bó ṣe ń bá a kiri nìyẹn. Ó bá a dé VGC. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu gẹ́ètì tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀ níbẹ̀ kí i, wọ́n sì jẹ́ kó wọlé. Ìbéèrè kan náà, ohùn jẹ́jẹ́ kan náà. Dúró dẹ́kun àtimáa sọ ibi tó ń lọ. Àwọn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún Sìdíkàt, nítorí ìyá ẹni kan tàbí àǹtí ẹni kan máa ń gbọ́. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Sùúrù ni wọ́n fi òwe yẹn kọ́ Sìdíkàt láti kékeré, òun náà ló wá fi ń fún ọkùnrin náà lọ́rùn díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn. Ó ń jẹun dáadáa. Ràhmát rí i, ẹ̀rù sì bà á.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára Sìdíkàt, eékún sì ń dùn ún, nítorí náà Ràhmát fi dandan lé e pé kó gba ètò tirẹ̀. Ó mú olùdámọ̀ràn mìíràn wá sí ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tolúwani. Ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Dúró rí, kó tó kúrò lọ dá dúró. Ohun tó jẹ́ kí Sìdíkàt gbà láti rí i nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Tolúwani fara balẹ̀. Ó sọ pé oríṣi mẹ́ta ló bá a mu. Èkíní kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọsibítù tó sún mọ́ Àjáh jù kò sí níbẹ̀. Èkejì ń fúnni ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, ṣùgbọ́n wọ́n máa ní kó dúró kí wọ́n tó dá sí ọ̀rọ̀ eékún. Ẹ̀kẹta gbòòrò jù, àwọn tó ti dàgbà ju Sìdíkàt lọ ló sì ṣe é fún. Sìdíkàt gbọ́ gbogbo rẹ̀ parí.

"Èwo nínú wọn ló máa dun Dúró jù?"

Tolúwani wo Ràhmát, ó wo ìyá rẹ̀ padà. "Màmá, ara yín lẹ fẹ́ fi í tọ́jú. Ẹ ò lè fi gbẹ̀san."

"Mo lè fi ṣe méjèèjì."

Èkejì ló mú níkẹyìn. Nígbà tí wọ́n ń béèrè nípa àìsàn, ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tó fi dórí ikọ́ tó ti ṣe é kí ó tó bí Ràhmát. Tolúwani ní ìyẹn ò pọn dandan. Ó ní kó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pé òun fẹ́ kó gbogbo obìnrin àsàlátù kúrò lọ́dọ̀ Dúró, kí Tolúwani bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wo èyí tó bá a mu. Tolúwani gbà, ṣùgbọ́n ó ní òótọ́ lòun máa sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Sìdíkàt ní kò sí wàhálà. Kò mọ̀ pé òun fúnra òun ni òótọ́ náà máa kọ́kọ́ dè lọ́wọ́.

Bàṣírát ni olórí àsàlátù. Òun àti Sìdíkàt jọ dàgbà ni, wọ́n jọ kọ́ kéú lórí ẹní kan náà. Bí Bàṣírát bá kúrò lọ́dọ̀ Dúró, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e bí àgùntàn, iṣẹ́ Dúró ní Àjáh á sì parí. Ṣùgbọ́n egungun ìbàdí Bàṣírát ti jẹ, iṣẹ́ abẹ ló kù. Nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Dúró, ó ti kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní í fi àìsàn òun pamọ́, wọ́n sì ní kó dúró ọdún kan. Ọdún náà ti fẹ́ pé.

"Màmá Bàṣírát ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀," ni Tolúwani sọ fún Sìdíkàt lórí fóònù. "Tí wọ́n bá lọ síbòmíì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìdúró náà lákọ̀tun. Ìbàdí yẹn ò lè dúró mọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín, nítorí wọ́n ní ohun tẹ́ ẹ bá sọ làwọn máa ṣe."

Bàṣírát alára dé ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó di ògiri mú wọlé, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Sìdí, kí lọmọ yẹn sọ nípa tèmi? Mo ti ṣetán. Tó o bá ní kí n kúrò lónìí, mo kúrò lónìí. Mi ò lè máa jẹun nínú àwo ẹni tó bú ọkọ rẹ."

Sìdíkàt ń ká òwú pupa mọ́ páálí. Ó ká a, ó ká a. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sì ní í jẹ́ irọ́ pàápàá. Á kàn ní, "Kúrò," á fi ìyókù sílẹ̀. Ó rí Dúró lójú inú rẹ̀, láìní oníbàárà, tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ó wo ẹsẹ̀ Bàṣírát tó nà sílẹ̀ gbọọrọ nítorí pé kò ṣeé ká. Inú bí i sí ẹsẹ̀ náà. Inú bí i sí Tolúwani tó pe fóònù. Ó ká òwú náà títí tó fi tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dúró sọ́dọ̀ Dúró," ló wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní dúró síbẹ̀. Ọdún rẹ ti fẹ́ pé. Jẹ́ kí wọ́n tún ìbàdí rẹ ṣe ná." Ohùn rẹ̀ korò bí ewúro. Ó sọ gbogbo ohun tí Tolúwani sọ, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Lẹ́yìn tí Bàṣírát lọ tán, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Nígbà tí Bàṣírát bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn, tí ẹ̀rín ti padà sí ojú rẹ̀, Dúró gbọ́, ó sì mú èso wá kí i nílé. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ bá òun dìde ní àsàlátù, kó sọ bí ètò náà ṣe ràn án lọ́wọ́, kí orúkọ òun lè mọ́ padà. Bàṣírát ní òun á rò ó. Ọ̀dọ̀ Sìdíkàt ló gbà lọ tààrà.

Sìdíkàt gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Sọ fún un pé o gbà," ló wí. "Sọ fún un kó pe gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà ní Àjáh. Kó mú ọ̀gá rẹ̀ náà wá láti kọ́ńpìnnì, kí ọ̀gá fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ rere tó ṣe."

Dúró fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀ ọ́. Ó háyà àga. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ kaftánì tó mọ́ tónítóní, jókòó sí iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Sìdíkàt jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, Dúró kò tilẹ̀ tètè rí i. Wọ́n pe Bàṣírát. Ó rọra fi ọ̀pá rìn dé iwájú, gbogbo obìnrin sì ké "Allahu Akbar".

"Alhamdulillah," ni Bàṣírát wí. "Wọ́n tọ́jú mi dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi tọ́jú mi? Nítorí pé mo kọ̀ nígbà tí ọmọkùnrin yìí ní kí n fi ìbàdí mi pamọ́. Ó sọ fún mi bó ṣe sọ fún Ràṣídì. Èmi kọ̀, Ràṣídì gbà á gbọ́. Ibi tí ìyàtọ̀ wa wà nìyẹn. Ìyá Ràhmát, wá sọ̀rọ̀."

Sìdíkàt dìde. Àyè là fún un láàárín àwọn àga. Ó dé iwájú, kò gba ẹ̀rọ náà, nítorí gbogbo ibẹ̀ ti pa rọ́rọ́.

"Dúró, kí ni ọkọ mi sọ fún ẹ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ibí..."

"Níbi fídáù rẹ̀, ibẹ̀ kọ́ lo ti sọ tìrẹ ni? Kí ló sọ fún ẹ?"

Obìnrin kan dìde láàárín. Ó ní Dúró ní kóun má dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru òun. Òmíràn ní ohun tó sọ fún òun nípa àìsàn ojú òun náà nìyẹn. Bàbá àgbà kan tó bá ìyàwó rẹ̀ wá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá tó wọ kaftánì sì ti yí àga rẹ̀ padà, Dúró ló ń wò. Ó bi í pé ṣé òótọ́ ni.

Dúró wo ẹnu ọ̀nà. Èèyàn ti kún un.

"Ó sọ ọ́ fún mi," ló wí. Wọn ò gbọ́ ọ lẹ́yìn. Sìdíkàt ní kó tún un sọ, kó sì dárúkọ rẹ̀.

"Bàbá Ràṣídì sọ fún mi pé àwọn ní ìtọ̀ ṣúgà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má kọ ọ́. Bàbá ò purọ́."

Sìdíkàt yí padà, ó lọ jókòó. Ràhmát ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ò sunkún. Ara rẹ̀ silẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù.

Kọ́ńpìnnì lé Dúró dànù, wọ́n sì pe gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá sọ àìsàn wọn bó ṣe rí gan-an. Tolúwani bá wọn lọ, ó bá ọ̀pọ̀ wọn ṣe é. Wọ́n ránṣẹ́ sí Sìdíkàt náà: wọ́n kẹ́dùn, wọ́n tọrọ àforíjì. Ó ní òun gbọ́.

Lẹ́yìn náà, Dúró wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ó ti rù. Kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn aránṣọ tó ń rajà, ó ní kò sí ibi tó máa gba òun síṣẹ́ báyìí, gbogbo ẹni tó bá béèrè òun, ìtàn yẹn ni wọ́n ń sọ fún un. Ó ní tí Màmá bá lè bá òun sọ ọ́ síta pé àwọn ti dárí ji òun, bóyá ojú á là. Àwọn aránṣọ bá a bẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ kúnlẹ̀.

Sìdíkàt jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wo orí rẹ̀ tó kanlẹ̀, ó dúró bóyá àánú á ṣe é. Kò ṣe é.

"Dìde," ló wí. "Ọlọ́hun lè forí jì ẹ́, agbára ẹ̀ ni. Èmi ò tíì débẹ̀. Mi ò sì mọ̀ bóyá màá débẹ̀."

Dúró dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ń lọ. Sìdíkàt bi aránṣọ tó kúnlẹ̀ náà pé síìpù aláwọ̀ wo ló fẹ́.